Kò Sí Àpáta ní Múṣin

Kò sí àpáta ní Múṣin. Kò sí ní Sùúrùlérè, kò sí ní Yábà. Ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ láti Ojúẹlẹ́gba títí dé Ìwáyà, yanrìn ni yóò bá, yóò bá amọ̀, yóò bá ilẹ̀ dúdú tó ń rùn, yóò tún bá yanrìn. Kí ọkọ́ onítọ̀hún tó kan òkúta gidi, ọkọ́ ti jẹ tán. Òkúta tó gbé gbogbo wa ró wà nísàlẹ̀ jìnnà réré, ó sì di ẹ̀bá Abẹ́òkúta kó tó yọrí síta, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá ti sá sí abẹ́ Olúmọ.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi l'Éèkó fi gbà pé orí ìwé nìkan la ti lè kọ́ ọmọ ní jiọ́lọ́jì níbí. Físíìsì ni iṣẹ́ tèmi. Nígbà tí olùkọ́ jọ́gíráfì wa fẹ̀yìn tì, tí wọn ò tíì rán ẹlòmíràn wá, apá tó jẹ mọ́ òkúta àti ilẹ̀ bọ́ sí mi lọ́rùn. Mo yẹ ìwé nóòtì àwọn ọmọ wò. Irú òkúta mẹ́ta ló wà níbẹ̀: igneous, sedimentary, metamorphic. Wọ́n kà á fún mi láìwo ìwé, wọn ò ṣì í. Òkúta gíráníìtì kan wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì tí a fi ń ti ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má baà pa á dé. Mo gbé e sórí tábìlì, mo ní èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyí? Wọ́n dákẹ́. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ló ní, “Òkúta ilẹ̀kùn ni, sà.”

Mi ò bá a wí. Òun nìkan ló sọ ohun tó rí.

Èrò tèmi kò lọ́jú pọ̀. Ọmọ tó bá máa mọ ilẹ̀, kó kọ́kọ́ gbé e sórí ìwọ̀n, kó dà á sílẹ̀, kó wo bó ṣe ń rì sínú omi àti iye ìṣẹ́jú tó gbà á, ká tó fún un ní orúkọ kankan. Físíìsì tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ kò kọjá ti ọdún kìíní girama àgbà: ohun tó bá wúwo á wá sílẹ̀, ohun tó bá ń ha ara wọn á dá ara wọn dúró, omi tó bá yára á gbé ẹrù, ohùn tó bá lu ògiri á padà wá. Ohun èlò rẹ̀ sì kún gbogbo òpópónà wa, ẹnikẹ́ni ò ní bi wá léèrè owó rẹ̀.

Òkìtì yanrìn la fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí àdúgbò kan ní Múṣin tí wọn kì í ti kọ́lé, tàbí tí wọn kì í ti wó èyí tó wà kí wọ́n lè tún un kọ́, tipa kì í sì í pẹ́ já yanrìn sójú títì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìdí-Òro, bàbá kan wà tó ń ta yanrìn àti gíráníìtì ní páànù-páànù fún àwọn tí owó wọn ò ká tipa kan. Mo kó àwọn ọmọ lọ bá a.

“Ẹ kú ọ̀sán o, Bàbá. Àwọn ọmọ wọ̀nyí fẹ́ wọn yanrìn yín.”

“Ẹ fẹ́ rà á ni, Tíṣà, àbí ẹ fẹ́ kà á?”

“Ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ la fẹ́ mọ̀, sà. A ò ní kó o dànù.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gun orí rẹ̀ yóò sanwó páànù kan.

Àwọn ọmọ ti so òwú mọ́ àárín protractor, wọ́n so nọ́ọ̀tì ọkọ̀ tí wọ́n ṣà ní ọjà Ládípọ̀ sí ìdí òwú náà. Bí a bá na rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì tí a gbé protractor lé e, òwú á tọ́ka sí dígírì. Kí a tó wọn nǹkan kan, mo ní kí kálukú kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló kọ ọ́ pé òkìtì ńlá ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò dagẹ̀rẹ́ jù. Wọ́n wọn èyí tí tipa já, ó jẹ́ 33. Wọ́n bu yanrìn gbígbẹ sínú agolo mílíìkì, wọ́n rọra dà á sílẹ̀ títí ó fi di òkìtì tí kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, òun náà ò kúrò láàárín 32 sí 34. Ọmọbìnrin kan ní irọ́ ni, ó gba agolo lọ́wọ́ ẹni tó ń dà á, ó dà á fúnra rẹ̀. Ó wo òwú náà pẹ́, ó wá pa èrò rẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ́ nínú ìwé.

Agbára òòfà ilẹ̀ ń fa hóró yanrìn kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀, èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń dì í mú nítorí pé wọ́n ń ha ara wọn. Ibi tí agbára méjèèjì ti bára dọ́gba ni ẹ̀gbẹ́ òkìtì dúró sí. Ìwúwo hóró náà ò kúkú yí i padà: bó ṣe ń wúwo sí i tó fẹ́ yọ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ń tẹ ẹnìkejì rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i. Òkìtì yanrìn gbígbẹ tó bá ga ní mítà 1 yóò na ẹsẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 1.5 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ ní Múṣin, ì báà jẹ́ ní aṣálẹ̀ Sàhárà. Gíráníìtì wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dagẹ̀rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí etí rẹ̀ mú, wọ́n ń kọ́ ara wọn.

Bàbá ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ibi tó jókòó sí. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ ná kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Tútù rẹ̀ máa ń dúró ṣánṣán.”

Òótọ́ ló sọ, ibẹ̀ gan-an sì lẹ̀kọ́ náà ti le jù. Omi díẹ̀ tó wà láàárín hóró yanrìn ló ń fà wọ́n mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí ihò ṣọ́kàwéè tí wọ́n gbẹ́ láàárọ̀ fi máa ń dúró láìsí pákó tí a fi tì í. Bí oòrùn ọ̀sán bá gbẹ omi náà, tàbí bí òjò bá rọ̀ tí omi kún gbogbo àlàfo inú rẹ̀, ìdè náà já. Ẹ̀gbẹ́ ihò tó dúró ṣánṣán á bẹ̀rẹ̀ sí í wá dígírì 33 tirẹ̀, ẹni tó wà nínú ihò ni yóò sì ya lù. Gbogbo wa la ti gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ rí, a ó ní ayé ló ṣe é. Èmi gbà pé ọmọ tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ wọn yanrìn gbígbẹ àti tútù kò ní bọ́ sínú ihò bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ béèrè pákó.

Lẹ́yìn èyí la lọ sí gọ́tà. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Àwa bi àgbàrá ní ìbéèrè mìíràn: kí lo gbé, ibo lo sì sọ ọ́ sí? Ẹ wo gọ́tà lẹ́yìn òjò ńlá, kí àwọn agbálẹ̀ tó dé. Níbi tó há, tí omi ti sáré, òkúta wẹ́wẹ́, ìdérí ìgò àti irin nìkan ló kù nílẹ̀. Níbi tó fẹ̀ díẹ̀, yanrìn ló tẹ́ síbẹ̀, ó sì ní ìlà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lójú. Níbi tí omi ti dúró, ẹrẹ̀ kíkúnná ló bò ó, èyí tó jẹ́ pé bó bá gbẹ tán á là. Ẹnikẹ́ni ò ṣà wọ́n, omi ló fi eré tirẹ̀ pín wọn. Odò Ògùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti òkè wá títí dé ọ̀sà.

A bu ẹrẹ̀ gọ́tà náà sínú ìgò ike, a da omi kún un, a mì ín, a gbé e sórí fèrèsé. Ẹni tó bá ti rẹ gààrí rí ti rí ìdajì ohun tó ṣẹlẹ̀. Hóró tí ìbú rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, ìyẹn yanrìn tó kúnná, á já sí ìsàlẹ̀ ìgò tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 20 láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Èyí tó fi ìlọ́po 10 kéré sí i á lò tó ìdajì wákàtí. Èyí tó tún fi ìlọ́po 10 kéré sí ìyẹn, tí í ṣe amọ̀, á lò tó ọjọ́ méjì, bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kan ìgò náà. George Gabriel Stokes, ọmọ Ireland tó ń kọ́ni ní Cambridge, ló gbé ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1851: bí hóró kan bá tóbi ju èkejì lọ ní ìlọ́po 10, ní ìlọ́po 100 ni yóò fi yára jù ú lọ sísàlẹ̀. Ìṣòro iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti físíìsì rárá. Ṣe ni mo ní láti bẹ àwọn kíláàsì yòókù kí wọ́n má mi ìgò wa. Ẹnì kan ṣì mì ín.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìgò náà là lójú wa. Àwọn tó ń wa yanrìn ní Màkókò àti Oworonṣókí, tí wọ́n ń rì sísàlẹ̀ ọ̀sà pẹ̀lú garawa, tí wọ́n sì ń fi ọkọ̀ onígi kó o wá sétí omi, mọ ibi tí yanrìn gidi wà àti ibi tó jẹ́ pé pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, tí bàbá rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ náà, ló sọ fún kíláàsì pé ibi tí omi bá ti ń ṣàn ni wọ́n ti ń wá yanrìn tó nípọn, pé ibi tí omi bá tòrò, ẹrẹ̀ lásán ni. Kò tíì kọ́ Stokes nígbà náà. Àwọn tó kọ́ ọ tán, wọn ò mọ̀ pé ó kan Màkókò. Mo jẹ́ kí ó dúró síwájú pátákó kó ṣàlàyé rẹ̀, èmi jókòó sí àyè rẹ̀.

Ìwọ̀n ló kù. Ìwọ̀n onísípíríìngì wà nínú ọ̀pọ̀ láàbù, kódà níbi tí gáàsì ò ti sí mọ́. Ẹ fi okùn so òkúta kọ́ sára rẹ̀, ẹ kà á. Ẹ wá rì í sínú garawa omi láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀, ẹ tún un kà. Á fúyẹ́ sí i. Ohun tó dín yẹn ni ìwúwo omi tí òkúta náà lé kúrò láyè rẹ̀. Archimedes ti rí i láti nǹkan bí ọdún 2,200 sẹ́yìn. Bí gíráníìtì bá jẹ́ gíráàmù 530 lókè omi, tó sì jẹ́ 330 nínú omi, 200 ló dín. Bí a bá fi 200 pín 530, ó jẹ́ 2.65. Òkúta ilẹ̀kùn wa náà bọ́ sí ìtòsí ibẹ̀. Èyí tó kéré bí ẹyin ẹyẹlé, iye kan náà. Èédú ò rì rárá. Irin ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé wá láti Ládípọ̀ lé ní 7.

Mo wá sọ ìtàn Henry Cavendish fún wọn. Ní 1798, ní London, ọkùnrin yìí fi bọ́ọ̀lù òjé wọn bí ohun kan ṣe ń fa òmíràn mọ́ra, agbára tó kéré débi pé ó ní láti ti ilẹ̀kùn yàrá náà kó máa fi awò wò ó láti ìta, kí atẹ́gùn má baà da iṣẹ́ rú. Láti ibẹ̀ ló ti ṣírò pé gbogbo ilé ayé lápapọ̀ wúwo ju omi lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 5.5. Mo kọ iye méjèèjì sójú pátákó, 2.65 ti òkúta wa àti 5.5 ti gbogbo ayé, mo sì lọ dúró sẹ́bàá fèrèsé.

Ó pẹ́ díẹ̀. Ọmọkùnrin kan wá ní, “Sà, a jẹ́ pé nǹkan tó wúwo jù wà nínú lọ́hùn-ún.”

“Tó wúwo tó kí ni?”

Ó wo orí tábìlì, ó wo èédú, ó wo gíráníìtì. “Tó irin, sà.”

Ẹlòmíràn ké láti ẹ̀yìn pé, “Ògún ló jókòó sáàárín, ẹ ò rí i ni!” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Wọn ò ṣìnà. Irin ló pọ̀ jù ní àárín gbùngbùn ilé ayé, nickel díẹ̀ bá a rìn. Kò sí ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ débẹ̀ rí, ẹnikẹ́ni ò sì lè gbẹ́ ẹ débẹ̀. Garawa omi, okùn àti ìwọ̀n ló gbé àwọn ọmọ Múṣin sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, wọn ò sì kúrò nínú kíláàsì.

Lára ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ilẹ̀ tẹ̀ràsò. Àwọn ilé àtijọ́ ní Sùúrùlérè ṣì ní in, èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì àti òkúta wẹ́wẹ́ ṣe, tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ ha títí ó fi ń dán. Àwọn tó ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ń fọ́ ọ báyìí, wọ́n ń lẹ táìlì láti China mọ́ orí rẹ̀. Ó dùn mí, torí pé ibẹ̀ nìkan ni ọmọ Èkó ti lè rí inú òkúta láìra ẹ̀rọ tí ń gé òkúta. Ẹ wẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ kúnlẹ̀ pẹ̀lú awò, ẹ ó rí hóró dídán tó so kọ́ra nínú òkúta funfun. Òkúta mábù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Ìgbẹ́tì, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí wọn, ṣùgbọ́n ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé, torí pé àwọn ìyá wa mọ̀ tipẹ́ pé ọsàn máa ń pa dídán tẹ̀ràsò. Àwọn òkúta kan á hó, àwọn kan á rọra hó, àwọn mìíràn ò ní dáhùn. Sìmẹ́ǹtì tó wà láàárín wọn náà á hó. Òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì, bí ẹ bá rí i, á hó pẹ̀lú. Ìsàlẹ̀ òkun ni òkúta Ewékorò ti wá, nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 60 sẹ́yìn, ó sì kún fún ìkarahun ẹ̀dá inú omi. Ọmọ ìyá kan náà ni ìkarahun, mábù àti òkúta Ewékorò níwájú ọsàn. Mábù ni èyí tí ooru àti ìnira abẹ́ ilẹ̀ ti sè títí hóró rẹ̀ fi tún ara wọn tò. Ibí yìí la ti lè fi orúkọ metamorphic kún un, ọmọ á sì mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ ọmọdé nìyí. Mosobalaje Oyawoye, ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú jiọ́lọ́jì, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ohun tí ó fi gba orúkọ kò yàtọ̀ sí i púpọ̀. Àpáta kan wà ní Bauchi tí àwọn ará ìlú ti ń gùn kọjá láti ayébáyé. Ojú tó fara balẹ̀ ló fi wò ó, ó rí i pé kì í ṣe gíráníìtì lásán, pé fayalite tí irin kún inú rẹ̀ wà níbẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni orúkọ bauchite wọ inú ìwé onímọ̀ àgbáyé láti ọwọ́ rẹ̀. Wíwò ló ṣáájú, orúkọ ló tẹ̀lé e.

Ẹni tó bá fẹ́ rí àpáta gan-an, kó wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Èbúté Mẹ́ta, èyí tó ń lọ sí Ìbàdàn láti 2021. Kó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, kó fi fóònù sápò. Ilẹ̀ pupa ni yóò máa rí níbi tí wọ́n ti gé ilẹ̀ fún ọ̀nà irin. Á kọjá Papalanto, nítòsí ilẹ̀ Ewékorò, kò ní pẹ́ tí òkúta ràgàjì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí láàárín oko, kó tó dé Abẹ́òkúta. Láàárín ìrìn àjò kan, ó ti kúrò lórí yanrìn àná, ó kọjá lórí ilẹ̀ tí òkun ti bò rí, ó dé orí òkúta tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní ọdún mílíọ̀nù 500.

Ìwé tó pé jù nípa abẹ́ Sùúrùlérè, àwọn tó ń gbẹ́ bọ́hóòlù ló ń kọ ọ́, wọ́n sì ń dà á nù lójoojúmọ́. Bí wọ́n ṣe ń ti páìpù wọlẹ̀, omi ń gbé ohun tó wà nísàlẹ̀ wá sókè: ilẹ̀ pupa lákọ̀ọ́kọ́, yanrìn tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, amọ̀ aláwọ̀ eérú, yanrìn funfun tó nípọn tí omi wà nínú rẹ̀. Ní ìhà Ìwáyà, tó sún mọ́ ọ̀sà, ilẹ̀ dúdú tó kún fún ewé àti igi jíjẹrà lè wà láàárín wọn. Mo ti bá àwọn ọmọ to irú èyí sórí ìwé ìròyìn, láti orí òpin páìpù kìíní lọ. A fi ọwọ́ pa á, a fi ìgò dán an wò. Gọ́tà ti kọ́ wọn pé yanrìn nípọn túmọ̀ sí omi tó ń sáré, pé amọ̀ túmọ̀ sí omi tó dúró. Ọmọbìnrin tó gba agolo mílíìkì lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ sọ ọ́: odò ló wà níbí, ó di ọ̀sà, ó tún di odò. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Nǹkan bí ọdún 20,000 sẹ́yìn, nígbà tí yìnyín bo apá àríwá ayé, òkun fà sísàlẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 120 sí ibi tó wà lónìí. Etí òkun jìnnà sí ibi tí Èkó wà báyìí, odò sì gbẹ́ ilẹ̀ wọlé jìn. Nígbà tí yìnyín yọ́, òkun padà wá, ó kún inú àfonífojì wọ̀nyẹn. Ọ̀sà tí Third Mainland Bridge gùn lé wá nínú ìtàn náà.

Àwọn obìnrin tó ń fọ aṣọ funfun mọ apá mìíràn nínú rẹ̀. Omi bọ́hóòlù kan á mọ́ gaara bó ṣe ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, tó bá di ọ̀la, ó ti pọ́n, ó ti ba ìsàlẹ̀ ike jẹ́. Irin ló yọ́ sínú rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ò sí. Bó ṣe kan atẹ́gùn, irin náà dógùn-ún, ó rì. Àwọn tó mọ̀ máa ń jẹ́ kí omi náà já láti òkè sínú táǹkì kó lè gba atẹ́gùn dáadáa, wọ́n á jẹ́ kó sinmi, wọ́n á fi yanrìn sẹ́ ẹ. Ìgò orí fèrèsé ti kọ́ ọmọ ní ìdí tó fi gbọ́dọ̀ sinmi.

Ohùn náà wà níbẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní òwúrọ̀ Sunday tí ọkọ̀ ò tíì pọ̀, ẹ dúró ní mítà 85 sí ògiri gíga kan, ẹ pàtẹ́wọ́. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà á lọ á bọ̀ láàárín ìdajì rẹ̀. Ẹni tó bá mọ àkókò tí ohùn lò, ó mọ bí ògiri ṣe jìnnà tó láì lọ síbẹ̀. Bí àwọn awakùsà ṣe ń wo abẹ́ ilẹ̀ nìyí, wọ́n ń rán ohùn lọ, wọ́n ń dúró kó padà. Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n ń fi wo abẹ́ òkun wa ní ìhà Àgbádárìgì, níbi tí epo rọ̀bì ti kọ́kọ́ jáde ní kànga Ajé ní oṣù Karùn-ún 2016. Ilẹ̀ tí a ní kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ náà nìyẹn.

Ọ̀gá kan wá yẹ iṣẹ́ wa wò nígbà tí garawa wà lórí tábìlì, tí omi ti ta sílẹ̀. Ó ní nóòtì dà. Ó ní ìdánwò WAEC kò ní bi ọmọ kankan léèrè garawa, pé kí n kọ irú òkúta mẹ́ta sójú pátákó kí wọ́n dà á kọ. Mo gbọ́ tirẹ̀ dé àyè kan. Ìdánwò ń bọ̀ lóòótọ́, orúkọ wúlò, ọmọ tí kò bá mọ igneous kò ní yege, iṣẹ́ garawa sì gba àkókò ju kí a kàn pe nóòtì fún wọn lọ. Mo kọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú pátákó níṣojú rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ò ti pàdé ni pé òun gbà pé orúkọ ni ìmọ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́ta ní Ìwáyà kò nílò kí ẹ kà á fún un pé sedimentary ni ilẹ̀ rẹ̀. Ohun tó nílò ni ẹni tó lè sọ fún un pé ìgò yìí ṣì dúdú di ọ̀túnla, amọ̀ pọ̀ níbẹ̀, kó lọ pe ẹnjiníà tó máa yẹ ilẹ̀ wò kó tó dá ìpìlẹ̀.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Bí ẹ bá ń gbẹ́ bọ́hóòlù nílé yín, ní Sùúrùlérè, ní Yábà, ní Múṣin tàbí níbi yòówù, ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ọ̀rá ní òpin páìpù kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n kọ bó ṣe jìn tó sára ọ̀rá náà, kí wọ́n kọ orúkọ òpópónà àti ọjọ́. Ọ̀rá nìkan ni ẹ ó ná owó lé. Ẹ kó o lọ fún olùkọ́ físíìsì tàbí jọ́gíráfì tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ yín jù. Bó bá ní òun ò mọ ohun tí òun fẹ́ fi ṣe, ẹ ní kó da omi sí i nínú ìgò, kó mì ín, kó sì pe àwọn ọmọ wá wò ó.